Ọwọ́ Ta Ni Kànga Ti Ń Gba Omi?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí omi abẹ́ ilẹ̀ àti omi odò ní òkè Ìdáàṣà



Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Bí a bá gbẹ́ kànga, tí a sì ń fi pọ́ǹpù fa omi rẹ̀, ọwọ́ ta ni a ti ń gba omi náà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé omi abẹ́ ilẹ̀ kò ní ẹni tó ni ín, pé ńṣe ló jókòó síbẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò fà á. Ní ọdún 1940, Charles Theis, onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń bá ìjọba Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, kọ̀wé tó já irú èrò bẹ́ẹ̀ nírọ́. Kí kànga tó dé, omi òjò tó ń wọlẹ̀ àti èyí tó ń jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba bí a bá fi ọdún púpọ̀ wò ó. Odò ń gba tirẹ̀, ìsun ń gba tirẹ̀, gbòǹgbò igi náà ń mu. Bí owó àjọ ni: gbogbo kọ́bọ̀ inú rẹ̀ ló ti ní ẹni tí yóò kó o. Ẹni tó bá wá ń yọ níbẹ̀, àfi kí tẹlòmíràn dín.

Àwọn ará ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà mọ̀ ọ́n dunjú. Wọ́n bá ìpínlẹ̀ Colorado mulẹ̀ lórí odò Arkansas ní 1949. Nígbà tó yá, àwọn àgbẹ̀ Colorado ń fa omi kànga lẹ́bàá odò, èyí tó ń dé Kansas sì ń fà sẹ́yìn. Kansas pẹjọ́ ní 1985. Ní 1995, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá wọn láre lórí ọ̀rọ̀ kànga yìí. Bẹ́ẹ̀ kànga ni àwọn àgbẹ̀ Colorado ń fà, kì í ṣe odò. Ohun tó mú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ le ni pé ìpalára kànga kì í tètè hàn. Bí ilẹ̀ bá rí bákan náà, tí kànga kan sì jìnnà sódò ní ìlọ́po méjì èkejì rẹ̀, ìlọ́po mẹ́rin àkókò ni yóò gbà kí odò tó mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá sì pa pọ́ǹpù lónìí, omi odò á ṣì máa dín fúngbà díẹ̀, nítorí àyè tó ṣófo lábẹ́ ilẹ̀ ní láti kún ná.

Ṣùgbọ́n yanrìn àti òkúta wẹẹrẹ ló wà létí odò tiwọn. Tiwa, àpáta ni. Ẹ wo àwọn òkè tó yí wa ká, òkè mọ́kànlélógójì tí a máa ń kà yẹn. Irú àpáta wọn náà la tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí. Omi kì í gbé inú òkúta líle. Inú ilẹ̀ rírọ̀ tí àpáta jẹrà dà ló ń gbé, àti inú ẹ̀là àpáta nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sórí òkè, kì í wọlé síbẹ̀. Ó ń ṣàn wá sí ẹsẹ̀ òkè, ibẹ̀ ló ti ń wọlẹ̀. Nítorí náà ni kànga kan fi lè lómi dáadáa, tí èkejì tí wọ́n gbẹ́ sí ìtòsí rẹ̀ yóò sì gbẹ táútáú. Ẹni tó bá ní àjẹ́ ló dí i, ẹ bi í bóyá ó wá ibi tí ẹ̀là wà kó tó gbẹ́ ẹ.

Lẹ́bàá Djougou, ní àríwá Benin, lórí irú àpáta bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹgbẹ́ olùwádìí AMMA-CATCH ti ń wọn òjò, odò àti kànga láti ìparí àwọn ọdún 1990. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011 lórí odò Donga tó wà níbẹ̀ ya àwọn kan lẹ́nu. Omi jíjìn tí kànga ẹlẹ́rọ ń fà kọ́ ló ń bọ́ odò yẹn. Omi òkè-òkè, tó ń gbára jọ sí tòsí ojú ilẹ̀ lákòókò òjò, tó sì ń gbẹ lẹ́yìn rẹ̀, ló ń bọ́ ọ. Igi ló ń mu èyí tó jìn.

Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Djougou kò ní òkè tó yọ sókè báyìí. Níhìn-ín, ibi púpọ̀ wà ní àkùrọ̀ tí omi jíjìn ti gòkè débi pé ó kan omi tó wà ní tòsí ojú ilẹ̀. Bí a bá fa ti ìsàlẹ̀ níbẹ̀, ti òkè yóò tẹ̀ lé e wálẹ̀. Èmi kò bẹ̀rù fún odò Ouémé. Òun ni SONEB, iléeṣẹ́ omi orílẹ̀-èdè, ń fà ní Ṣábẹ̀ẹ́ láti fún ìlú yìí lómi. Àkùrọ̀ ni mo ń bẹ̀rù fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ìlànà orílẹ̀-èdè yìí ni kànga ẹlẹ́rọ kan fún ènìyàn 250, lítà 20 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Lítà 5,000 nìyẹn. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin tó ń tẹ pọ́ǹpù Vergnet fúnra rẹ̀ ló ń díwọ̀n rẹ̀: bó bá rẹ̀ wọ́n, omi á dúró. Hẹ́kítà ewébẹ̀ kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fẹ́ tó lítà 50,000 lójúmọ́, ti kànga mẹ́wàá! Pọ́ǹpù onísólà sì ń fà á láìsí ẹni tó ń làágùn. Ẹ̀rọ tó dára ni, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má rà á. Àmọ́ tí irú rẹ̀ mẹ́ta bá wà nínú àkùrọ̀ kan, kànga ọwọ́ àwọn ìyá tó ń gbin tòmátì nísàlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbẹ, wọn yóò sì máa rò pé òjò ni kò rọ̀.

Òfin omi orílẹ̀-èdè yìí, Òfin 2010-44 ti oṣù kọkànlá ọdún 2010, ka omi sí ogún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè, ó sì fi fífà tó pọ̀ sábẹ́ àṣẹ. Àbá mi rèé. Kí ìwé àṣẹ fún kànga ọ̀gbìn tó jáde, kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa kànga náà tọ̀sán-tòru fún wákàtí 72 nínú oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú jù. Kí wọ́n fi okùn wọn kànga ọwọ́ gbogbo tó wà láyìíká, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá parí, lójú àwọn tó ni wọ́n. Ẹni tó ń tọrọ àṣẹ ni kó sanwó ìdánwò náà, kí ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n náà sí sì wà lọ́wọ́ àwọn alákùrọ̀ pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ta pọ́ǹpù wà láàárín wa, wọn yóò sì ní èsì. Ṣùgbọ́n Kábíyèsí, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá alákùrọ̀ tó jókòó lẹ́yìn yẹn.