Orúkọ Ìdílé àti Ẹ̀jẹ̀ Bàbá

 

Kòmósómù Y ni bàbá ń gbé lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́, láti ìran dé ìran. Ọ̀nà kan náà ni orúkọ ìdílé ń gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà ni Bryan Sykes, onímọ̀ ní Yunifásítì Oxford, ṣe yẹ àwọn ọkùnrin tó ń jẹ́ Sykes wò, tí èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2000. Àmì Y àwọn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn bára mu, bí ọmọ baba ńlá kan.

Tiwa yàtọ̀. Orúkọ àbísọ baba àgbà ni ọ̀pọ̀ nínú wa sọ di orúkọ ìdílé láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ilé ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì. Ògúndélé ti Ìbàdàn àti Ògúndélé ti Oǹdó lè má bára tan rárá. Ògún tí ilé méjèèjì ń bọ ló so orúkọ wọn pọ̀. Ọmọ ìyá méjì sì lè máa jẹ́ orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ béèrè oríkì orílẹ̀ àti èèwọ̀ kí ẹ tó ṣe àyẹ̀wò. Kí ẹnikẹ́ni má sì tìtorí èsì rẹ̀ lé ọmọ jáde nílé. Àyẹ̀wò Y kò mọ ìran ìyá, kò mọ ọmọ tí a gbà tọ́, bẹ́ẹ̀ ìdílé mọ̀ wọ́n ní ọmọ. Ẹ gba oríkì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá ilé kí wọ́n tó papòdà.

Àṣẹ.