Fọ́ọ̀mù Ló Le, Kì Í Ṣe Ìyá Wa Ni Kò Gbọ́n

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ẹ̀ka ọ̀dọ́ bá wa sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò wa ní Abẹ́òkúta

   

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí wẹ́bùsáìtì tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ṣe, níbi tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa kọ fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ kí a tó sanwó fún ẹni tó máa bá wa ṣe é, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ojú àwọn èèyàn wa ń rí lórí àwọn tó ti wà nílẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo bá ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú jókòó ní káfẹ́ kan nígboro. Ó fẹ́ yá owó, wọ́n sì ní orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni fọ́ọ̀mù wà. A kọ orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì, bí bàbá rẹ̀ ṣe sọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ní kò sí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. A yọ àmì kúrò. Ó tún ní ká kọ postcode. Ta ló mọ postcode agbo ilé rẹ̀ ní Ìtókò? A kọ òdo sí i, ó gbà á! Nígbà tí a wá fẹ́ fi ránṣẹ́, ó ní àkókò ti kọjá, gbogbo ohun tí a kọ sì pòórá. Ìyá yìí wojú mi, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú, èmi ni mi ò kàwé." Obìnrin tó ń fọkàn ṣírò owó ogún yáàdì àdìrẹ láìfọwọ́ kan ẹ̀rọ!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé ẹ̀bi síbi tó yẹ. Bí ilẹ̀kùn bá kéré tí gbogbo èèyàn ń forí gbá a, káfíńtà là á pè. A kì í ní kí àlejò lọ gé orí ẹ̀ kúrú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú wa nìkan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà ṣí HealthCare.gov kí àwọn èèyàn lè máa ra ìdójútòfò ìlera níbẹ̀. Tọ̀hún ti gbogbo owó wọn, èèyàn 6 péré ló rí i ṣe parí lọ́jọ́ náà. Wọn ò dán an wò tó kí wọ́n tó ṣí i.

Nílé níbí náà, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọ̀gá àgbà JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, sunkún níwájú àwọn oníròyìn, ó sì tọrọ àforíjì. Àṣìṣe wà nínú ẹ̀rọ ní ibùdó ìdánwò 157, l'Ékòó àti ní ìpínlẹ̀ àwọn Igbo, ọmọ 379,997 ló sì kàn. Kí òtítọ́ tó jáde, ta lẹ rò pé wọ́n ń bá wí nílé? Ọmọ ni.

Ẹ tún wo ẹni tó ń sanwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń wá àyè yunifásítì ti ń kọ́ ara wọn pé tí o bá wà lórí fóònù, àfi kó o yí i sí "desktop site" kó o tó lè rí ibi tí wọ́n ti ń gba àyè náà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rẹ́ tó mọ̀ ọ́n, káfẹ́ ló ń lọ. Ibẹ̀ ló ti ń sanwó, ibẹ̀ ló ti ń kó NIN àti páàsìwọ́ọ̀dù rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìmeèlì tí onikáfẹ́ ṣí fún un, onikáfẹ́ nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí onikáfẹ́ bá kó lọ, ó di wàhálà.

Àmọ́ ohun tó rọrùn ṣeé ṣe. JAMB yìí kan náà ló ní kí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, kí nọ́ńbà tirẹ̀ sì padà wá bá a lórí fóònù. Fóònù tọ́ọ̀ṣì lè ṣe é, kò sì la dátà lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ *Ìwé Ìròyìn* ní ọdún 1859. Èdè Yorùbá ló kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́, torí ó mọ ẹni tó fẹ́ kó kà á. Kí àwa náà mọ ẹni tó máa lo tiwa.

Ohun tí ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ìkíní, kó ṣí kíákíá lórí fóònù kékeré. Ká má fi fọ́tò ràbàtà àwọn olóyè ẹgbẹ́ dí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìkejì, kó gba orúkọ wa pẹ̀lú àmì, kí ọ̀nà Yorùbá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìkẹta, kó má béèrè ohun tí a ò ní lò; kó béèrè bóyá Aké ni ọmọ náà ti wá, tàbí Òkè-Ọnà, Gbágùrá tàbí Òwu, kó fi postcode sílẹ̀. Ìkẹrin, bí iná bá lọ, kí ohun téèyàn ti kọ má sọnù. Ìkarùn-ún, kí nọ́ńbà ẹnì kan tó ń gbé fóònù wà níbẹ̀, kí fọ́ọ̀mù oníbébà sì ṣì wà lọ́wọ́ akọ̀wé.

Jakob Nielsen, ọmọ Denmark tó jẹ́ àgbà nínú iṣẹ́ yìí, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé èèyàn 5 péré ti tó láti fi èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù wẹ́bùsáìtì hàn. Ẹ jẹ́ ká wá márùn-ún: ìyá ọlọ́jà kan, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, télọ̀ kan, ọmọ SS3 kan àti ọmọ wa kan tó wà lókè òkun. Ká gbé fóònù lé wọn lọ́wọ́, ká panu mọ́, ká máa wo ibi tí wọ́n ti ń há. Ibi tí wọ́n bá há sí, kí oníṣẹ́ tún un ṣe kó tó gba owó tó kù.

Bí a ò bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọmọ tí owó yìí tọ́ sí jù lọ ni kò ní rí fọ́ọ̀mù rẹ̀ kọ parí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní kọ̀ǹpútà nílé ló máa gbà á, a ó sì máa rò pé a ti ran tálákà lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ìpàdé yìí fọwọ́ sí ìdánwò náà lónìí, ká tó fọwọ́ sí owó oníṣẹ́.

Kí ilẹ̀ Ẹ̀gbá máa tòrò.