Owó Tí Gbogbo Ayé Ń Wò

Āyah 282 nínú Sūratul-Baqarah pa á láṣẹ pé kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀. Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà, náà ní ìwé tirẹ̀. Gbogbo owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti 2009 ló wà nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè kà á. Orúkọ olówó nìkan ni kò sí níbẹ̀. Èyí ni àwọn ọ̀dọ́ wa kan fi ń rò pé kò sí ẹni tó ń rí wọn.

Ní oṣù kẹjọ 2016, wọ́n jí 119,754 bitcoin ní Bitfinex. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jókòó sójú kan, tí gbogbo ayé ń wò ó. Nígbà tí èyí tó lé ní 94,000 ṣí kúrò ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kejì 2022, ariwo ta. Ṣé olè fẹ́ tà á ni, kí iye rẹ̀ já wálẹ̀? Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ló gbà á padà, àwọn sì ti mú tọkọtaya kan ní New York. Díẹ̀ tí wọ́n ti ná ló tú wọn fó: lára rẹ̀ ni káàdì ìrajà Walmart, 500 dọ́là péré. Ní 2024, ọkọ gba ẹ̀wọ̀n ọdún 5, ìyàwó gba oṣù 18.