Ìmúbọ̀sípò Ọkàn: Àwọ̀n Tí Ó Ya

Ìmúbọ̀sípò ọkàn nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Bí oníwàásù bá dárúkọ rẹ̀ lóde òní, owó tí ó sọnù tí ó tún padà wá ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìwé rẹ̀ sí àwọn ará Gálátíà, orí kẹfà, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn ará fi ìwà tútù mú ẹni tí ó bá ṣubú bọ̀ sípò. Ọ̀rọ̀-ìṣe Gíríìkì kan náà ni Mátíù lò, ní orí kẹrin, fún Jákọ́bù àti Jòhánù tí wọ́n ń tún àwọ̀n wọn ṣe nínú ọkọ̀. Ará Ìlàjẹ kò nílò ìtumọ̀ mìíràn. Apẹja kì í sọ àwọ̀n nù nítorí pé ó ya. A tẹ́ ẹ sílẹ̀, a wá ojú ibi tí ó ya, a sì fi òwú so ó mọ́ àwọn ojú tí kò ya. Ojú àwọ̀n kan kò lè dá so ara rẹ̀.

Ní 1947, àwọn ọmọ Ìlàjẹ kan tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, tí a sì ṣe inúnibíni sí, tẹ Ayétòrò dó sí etí òkun. (Omi tí ó dàrú tí ó wá rọlẹ̀ ni Yorùbá ń pè ní èyí tí ó tòrò, orúkọ náà bá ìlú omi mu.) Wọ́n fẹ́ mú ìgbé ayé àwọn Àpọ́sítélì ìṣáájú padà. Inú àpò kan ni owó gbogbo wọn ń wọ̀; wọ́n ń kan ọkọ̀ ojú omi, iná mànàmáná sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níbẹ̀ ní 1953.

Ní 1968, wọ́n gbà kí olúkúlùkù máa ní ohun tirẹ̀. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni ìmúbọ̀sípò náà ti parí. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọ̀n tí a tún ṣe lánàá lè ya lónìí, apẹja yóò sì tún jókòó tì í.

Ìbéèrè tí ó le jù ni ti òkun. Ó ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà Ayétòrò lọ. Bí ipò bá bọ́ sínú omi, ibo ni a ó mú ènìyàn bọ̀ sí? Ipò tí Pọ́ọ̀lù ń sọ wà láàrin àwọn ará. Ṣùgbọ́n kí ìjọba má fi èyí ṣe àwáwí o. Àdúrà nìkan kọ́ ni a fi ń mọ odi sí etí òkun.

Ìdílé tí omi lé kúrò nílé lè dé Igbókòdá lọ́jọ́ Ìsinmi, kí ìjọ fún wọn ní aṣọ àti oúnjẹ. Bàbá tí ó ti jẹ́ alàgbà níbi tí ó ti wá yóò jókòó sẹ́yìn. Ta ni yóò bi í léèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú ìjọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀?