Ilé-Ọmọ Náà Ń Ní Àpá: Ọ̀rọ̀ Ìlanilọ́yẹ̀ Níbi Àjọ̀dún Ọdún Kẹwàá



Ẹ lè máa wò ó pé kí ló kan òṣìṣẹ́ báńkì nínú ọ̀rọ̀ ilé-ọmọ. Ó kàn wá. Tọkọtaya kan wà láàárín wa tí a ti ń bá tọrọ ọmọ. Oyún ìyàwó bàjẹ́, wọ́n ṣe D&C fún un nílé ìwòsàn kan. Láti ìgbà náà ni nǹkan oṣù rẹ̀ ti dínkù, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má wá mọ́. Àwa ní ayé ni. A tilẹ̀ ń fura sí ìyá arúgbó kan láìṣẹ̀. Ọdún márùn-ún kọjá kí dókítà tó fi ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí wo inú ilé-ọmọ, tó rí i pé àpá ti so ògiri rẹ̀ pọ̀. Ìyá náà ti dárí jì wá.

Asherman ni wọ́n ń pe àrùn yìí, orúkọ dókítà tó kọ nípa rẹ̀ ní 1948. Bí irin ìha bá bó awọ inú ilé-ọmọ jù, ojú ọgbẹ́ tó dojú kọra á lẹ̀ mọ́ra. Iṣẹ́ abẹ ìju náà lè fà á.

Báwo la ṣe lè dènà rẹ̀?

Àkọ́kọ́, bí oyún bá bàjẹ́, ẹ bi dókítà bóyá oògùn lè mú èyí tó kù jáde, tàbí kí wọ́n fi ẹ̀rọ fà á, dípò irin ìha.

Ìkejì, ẹ má gbà fún ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ kó ṣe é ní yàrá ẹ̀yìn ilé.

Ìkẹta, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ inú ilé-ọmọ, dókítà lè fi jẹ́ẹ̀lì tàbí rọ́bà kékeré tí wọ́n rọ omi sí sáàárín ògiri rẹ̀ kí wọ́n má lẹ̀. Wọ́n sì lè padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ béèrè.

Ìkẹrin, bí nǹkan oṣù bá dínkù lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, tàbí tí inú ń run lóṣooṣù láìrí ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró.

Ní báńkì, a kì í san owó láìgba ìwé ẹ̀rí. Ẹ gba ìwé ohun tí wọ́n ṣe fún yín, kí ẹ tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ bá ìyàwó yín dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Wọ́n ti gé àpá náà. Àwọn méjèèjì ló ní ká sọ ọ́ fún yín. Ọmọ kò tíì dé, à ń retí ìkómọ.

Ire ọmọ á kárí wa. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.