Ẹni Tí Ó Ti Inú Igbó Dé, Ẹ Jẹ́ Kí Ó Dé Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka wa ní Àkúrẹ́)

Alága ti kìlọ̀ fún wa pé kí a má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ọ̀nà láti lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ sì mọ bí ọ̀nà ti rí. A ó gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti àjẹmọ́nú ni ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwa aṣojú yín. Ti òní yàtọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó wà nínú rẹ̀, àṣìṣe tiwa náà sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ arákùnrin wa kan ni. Awakọ̀ ni, ọmọ Ìjàrè ni. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a sọ ọ́, ó ní kí a má ṣáà ti dárúkọ òun. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un mọ́ra.

Ẹ rántí ọdún 2022. Ní ọjọ́ Àìkú, 5 June, ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ilé ìjọsìn Kátólíìkì ti St. Francis ní Ọ̀wọ̀, wọ́n yìnbọn, wọ́n sì ju àdó olóró. Ogójì ènìyàn ni ìjọba ìpínlẹ̀ wa kà pé ó kú, àwọn tí ó fara pa sì kún Federal Medical Centre tí ó wà ní ìlú náà. Gbogbo wa ni a rántí bí wọ́n ṣe ń ké pe ènìyàn kí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni àyà àwa tí a ń gba Ọ̀wọ̀ kọjá lọ sí Ìkàrẹ́ kò ti balẹ̀ mọ́. Ọdún náà kò tíì parí tí àwọn ajínigbé fi dá ọkọ̀ arákùnrin wa dúró lójú ọ̀nà kan náà, tí wọ́n sì wọ́ ọ wọ igbó lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni ó lò lọ́wọ́ wọn.

A kò ní sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀. Ohun tí a mọ̀ ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjàrè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ta maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ méjèèjì. Ìyá wọn, tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Àwa ní ẹ̀ka náà dá owó, kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n a dá a. Nígbà tí owó pé, wọ́n fi í sílẹ̀ lóru, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn títí ó fi já sí títì.

Ibí yìí ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ó dé tí a fi gbé kánópì kalẹ̀ ní ojúde ilé wọn ní Ìjàrè. A sè, a pe onílù, a fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé arákùnrin wa lọ́wọ́ pé kí ó jẹ́rìí, kí ó sọ bí ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó gbìyànjú. Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni àwọn ọmọdé kan yin báńgà lẹ́yìn ilé. Kí a tó ṣẹ́jú, ó ti wà lábẹ́ tábìlì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwa náà tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, a rẹ́rìn-ín, kí a má purọ́. Ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ bá a lábẹ́ tábìlì náà, tí kò sì jáde fún ìgbà pípẹ́, ni ẹ̀rín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu wa.

Lẹ́yìn èyí ni ó kó lọ sí yàrá kan tí ó háyà nítòsí gáréèjì ní Àkúrẹ́ níbí. Ẹ mọ̀ pé láti Àkúrẹ́ dé Ìjàrè kò jìnnà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Oṣù mẹ́jọ ni kò fi wọ ọkọ̀ náà. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e. Ẹnu wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Wọ́n ní ó ti gbàgbé àwọn tí ó rà á padà. Wọ́n ní wọ́n ti fi nǹkan ṣe é nínú igbó, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, àwọn mìíràn ní kí wọ́n gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Ní ọ́fíìsì ẹ̀ka wa, ẹnìkan sọ pé aláìmoore ni, a kò sì bá onítọ̀hún wí.

Àwọn àgbà wa sọ pé ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sinmi nílé ńkọ́?

Ìyàwó rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ la ojú wa. Ó ní ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ wọn obìnrin tí ó kéré jù, ọmọ ọdún mẹ́fà, lọ fọwọ́ kan bàbá rẹ̀ lẹ́yìn níbi tí ó sùn sí. Ọkùnrin náà fò sókè, ó gbá ọmọ náà lọ́rùn mú, ó ń kígbe. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, tí ó rí ẹni tí ó dì mú, ó jókòó sílẹ̀, ó ń gbọ̀n. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ dáadáa tí ó fi kó ẹrù rẹ̀. Kí ó má baà pa ọmọ rẹ̀ ni ó ṣe sá lọ, àwa ń pè é ní ìgbéraga.

Nígbà tí a wá lọ bá a ní yàrá rẹ̀, ó sọ ìdí kejì fún wa. Ó ní: “Bí mo bá wọlé, Bọ̀dá mi á kí mi káàbọ̀. Èmi á máa wo ọwọ́ wọn tí kò ní oko mọ́ nítorí mi. Ìyá mi á ní kí n sọ bí ó ti rí. Mo ti sọ ọ́ tó ìgbà ogún. Ìgbàkígbà tí mo bá sọ ọ́, mo tún padà síbẹ̀ ni.”

Ẹ gbọ́ ọ bí ó ti sọ ọ́: ìtìjú gbèsè wà níbẹ̀, ìbẹ̀rù ara rẹ̀ wà níbẹ̀, ìbéèrè àwa ará ilé sì wà níbẹ̀ tí ń fà á padà sínú igbó.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ní Àkúrẹ́ ni ó ṣàlàyé ohun tí a lè ṣe fún wa. Nígbà tí ó dárúkọ Arò, a bínú. Ẹ̀yin náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí pé èébú ni Arò jẹ́ lẹ́nu wa ní gáréèjì: bí ẹnìkan bá ya ọ̀nà òdì, a ó ní kí wọ́n gbé e lọ sí Arò. Ìyá nọ́ọ̀sì ní kí a fara balẹ̀. Ó ní ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí ó ti lọ kọ́ ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó, dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò. Ní ayé ìgbà náà, bí àrùn ọkàn bá mú ènìyàn, inú ọgbà ni wọ́n ń tì í mọ́, kúrò lójú gbogbo ará ilé rẹ̀. Dókítà yìí kò fara mọ́ ọn. Ó bá àwọn àgbẹ̀ abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká sọ̀rọ̀, wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Òfin kan ni ó wà: ẹni tí ó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ mú ará ilé rẹ̀ kan dání, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹni yòówù kí ó jẹ́. Ẹni náà ni yóò máa dáná fún un, tí yóò fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ gba ìtọ́jú ní àárọ̀. Ní ọ̀sán, wọn yóò padà sí abúlé. Gbogbo ayé wá wo ohun tí a ṣe ní Arò yẹn, Lambo náà sì di igbákejì ọ̀gá àgbà fún Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Arákùnrin wa kì í ṣe wèrè, nọ́ọ̀sì sì tẹnu mọ́ ọn. Ó ní ẹ̀rù tí ó wọ ara ni, ara ni kò tíì mọ̀ pé ewu ti kọjá. Ó ní kí ó máa wá rí dókítà, kí ó má dá a dúró. Ṣùgbọ́n ohun tí ó fẹ́ kí a mú nínú ọ̀rọ̀ Arò ni pé bí aláìsàn kò bá lè lọ bá ilé, kí ilé rọra lọ bá a, kí ẹni tí ó bá lọ sì jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, kì í ṣe ogún.

Báyìí ni Ìyá ṣe wọ ọkọ̀ láti Ìjàrè, pẹ̀lú ẹní rẹ̀ àti èlùbọ́ díẹ̀. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sọkún, kò sì bi í ní ohunkóhun ju pé: “Ṣé o ti jẹun?” Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí igun kan, ó dáná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó lò. Ó kọ́ láti máa pe orúkọ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn kí ó tó sún mọ́ ọn, kì í fọwọ́ kàn án lójú oorun. Bí ó bá jí lóru pẹ̀lú igbe, yóò tan iná, yóò ní, “Àkúrẹ́ ni a wà, èmi ìyá rẹ ni,” yóò sì tún dùbúlẹ̀. Ìyàwó ni ó tẹ̀ lé e, ní òpin ọ̀sẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ. Ọmọ kékeré náà ni ó pẹ́ jù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó yá. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí, tí yóò máa wo bàbá rẹ̀.

Gbèsè ńkọ́? Gbogbo wa ti ń sọ fún un pé kí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ oko, pé ẹ̀mí ju owó lọ. Kò wọ̀ ọ́ létí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó mọ ohun tí ó yẹ kí ó sọ. Ó ní: “Èmi ni mo ta oko, kì í ṣe ìwọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dùn ọ́, mo ní ilẹ̀ iṣu kan tí mo yá, wá bá mi kọ ebè.” Ó lọ. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ jẹ́, àárọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ bọ̀, kò wọ ìlú. Nígbà tí ó yá, ó rẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kan, ó sì sùn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Wàyí o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ohun tí ó jẹ́ ti ẹgbẹ́ nìyí. Ilé iṣẹ́ tí ó ni ọkọ̀, tí a kò ní dárúkọ, sọ pé kò sí ojú ọgbẹ́ lára rẹ̀, kí ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí kò lè wá, wọ́n dá owó oṣù dúró. Àwa aṣojú yín kọ lẹ́tà lẹ́yìn ogójì ọjọ́, wọ́n sì dá wa lóhùn pé ó ti pẹ́ jù. Owó náà kò dé títí di òní. Nígbà náà ni a tó lọ ka òfin, ìtìjú wa ni.

Òfin Employees' Compensation Act ti ọdún 2010 kò sọ pé ọgbẹ́ ara nìkan ni a ń san owó lé lórí. Abala kẹjọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìdààmú ọkàn tí ó dé bá òṣìṣẹ́ nítorí àjálù òjijì tí ó bá a lẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún òṣìṣẹ́ tàbí ará ilé rẹ̀ láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ NSITF létí. Láàárín ọdún kan ni ẹ gbọ́dọ̀ béèrè owó náà. Agbanisíṣẹ́ ni ó ń san owó sí àpò yìí, náírà kan lórí ọgọ́rùn-ún náírà owó iṣẹ́ tí ó ń san, kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lára owó oṣù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ jíṣẹ́ ojoojúmọ́, tiyín le díẹ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ tí a gbà síṣẹ́ ni òfin náà ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn jókòó sílé, ẹ tètè wá bá wa.

Ẹni tí ó ń gbọ̀n lábẹ́ tábìlì kò lè ka ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ẹlòmíràn ni yóò bá a kà á. A ti fẹnu kò ní ìgbìmọ̀ ẹ̀ka pé aṣojú kan yóò máa lọ bá ará ilé ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, kì í ṣe láti gbọ́ ìtàn, láti kọ lẹ́tà ni. A sì fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí i lónìí pé kí àpò ẹ̀ka máa san owó ọkọ̀ fún ará ilé kan tí yóò lọ dúró ti onítọ̀hún. A kò ní gbé kánópì fún ẹnikẹ́ni mọ́ àfi bí òun fúnra rẹ̀ bá béèrè.

Ní ọdún 2024 arákùnrin wa lọ sí Ìjàrè fún ọdún iṣu tuntun. A wà níbẹ̀. Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí ó ti lè rí ẹnu ọ̀nà. Àwọn ọmọdé tún yin báńgà. Ó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ọmọ kékeré yẹn bu iyán sínú àwo, ó dúró ní ìgun ilé, ó pe bàbá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ó dúró títí tí ó fi dáhùn kí ó tó lọ bá a.

Àpẹẹrẹ lẹ́tà tí a ń kọ sí agbanisíṣẹ́ wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Kí ẹnìkọ̀ọ̀kan gba kan kí ó tó lọ, kí ó sì fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ìyàwó tàbí ọkọ rẹ̀ nílé.