Òró àti Ìbú: Bí A Ṣe Ń Wọn Ìdàgbà Igbá



Bí àgbẹ̀ bá ká igbá tán, tí ó rí ọ̀kan tí ó tóbi, tí ó gùn gbọọrọ, tí ó sì rí òmíràn tí ó kéré, tí ó rí rogodo, yóò ní irúgbìn méjì ni wọ́n. Yóò da irúgbìn èyí kékeré nù. Èrò tèmi ni pé ẹjọ́ náà kò tíì ṣeé dá.

Èso kan náà ni kí á máa wọ̀n lórí ìtàkùn rẹ̀, láti ìgbà tí òdòdó rẹ̀ bá ti rọ títí yóò fi gbó. Pákó títọ́ méjì ni a ó fi há a láàrin, ní òró àti ní ìbú, kí á sì wọn àlàfo tí ó wà láàrin wọn. (Ẹ rọra o, èso tí kò tíì gbó tètè ń fara gbọgbẹ́.)

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé. Ká ní igbá kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, ó sì gùn ní 4. Nígbà tí ó fẹ̀ tó 4, ó gùn tó 10. Nígbà tí ó fẹ̀ tó 8, ó gùn tó 25. Òró fi 6 lé lẹ́ẹ̀kíní, ó fi 15 lé lẹ́ẹ̀kejì. Bí a bá ń wo àfikún nìkan, a kò ní rí ìlànà kankan. Ṣùgbọ́n ní ìgbà méjèèjì, bí ìbú ti di ìlọ́po 2, òró di ìlọ́po 2.5. Ìrísí ń yí padà lójoojúmọ́. Òfin tí ó ń yí i padà kò yẹ̀.

Julian Huxley ṣàlàyé irú ìṣirò yìí nínú ìwé kan ní 1932. Ní àwọn ọdún náà ni Edmund Sinnott ní Amẹ́ríkà lò ó fún èso igbá àti elégédé. Bí a bá fi lọ́gàrídíìmù òró àti ti ìbú ya àwòrán, ìlà títọ́ ni ó ń jáde, bí ìlà náà sì ti dagun tó ni irúgbìn ń jogún. Nínú irú èyí tí ó gùn bí kùmọ̀, òró a máa yára ju ìbú lọ. Nínú irú akèrègbè, ìbú ni ó ń yára jù. Ọrùn akèrègbè ń fẹ́ ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nítorí náà, bí ìwọ̀n igbá kékeré yẹn bá bọ́ sórí ìlà kan náà pẹ̀lú ti èyí ńlá, wọ́n lè jẹ́ ọmọ ìyá. Ó lè jẹ́ ọ̀dá, tàbí ọ̀pọ̀ èso lórí ìtàkùn kan, ni ó dá a dúró ní kékeré. Bí ó bá bọ́ sórí ìlà mìíràn láti ìgbà tí kò ju ọmọ ìka lọ, àgbẹ̀ jàre.